Ẹ̀yin tíṣà Òṣogbo, ẹ gbà mí o: báwo lẹ ṣe ń mọ sẹ́mínà tó dájú?

Tíṣà Òkè-Fìà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú wàhálà ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí kí n tó tún lọ fowó ṣòfò. Àná lẹnì kan ju fláyà kan sínú WhatsApp àwọn tíṣà tá a wà, pé àpérò àgbáyé fún àwọn olùkọ́ máa wáyé níbí ní Òṣogbo fún ọjọ́ méjì. 25,000 náírà lowó ẹ̀, àmọ́ téèyàn bá san án kó tó di òru ọjọ́ Jímọ̀ ó máa di 18,000. Wọ́n ní a máa gba sàtífíkéètì, a máa gba pọ́íǹtì TRCN, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwa tíṣà sílẹ̀, ẹni tó bá sì tètè san máa gba awọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Lọ́gò tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tó mẹ́jọ, TRCN wà níbẹ̀, British Council wà níbẹ̀, ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ákáùntì tí wọ́n ní ká sanwó sí, orúkọ èèyàn ló wà lára ẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo san 15,000 fún irú ẹ̀, mo tọrọ àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo wọ aṣọ tó dáa, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan. Láti aago mẹ́sàn-án títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, bàbá kan ṣáà ń pariwo pé ká má fi iṣẹ́ tíṣà nìkan mọ, pé ọlọ́lá ni Ọlọ́run dá wa, nígbà tó yá wọ́n gbé oògùn inú ike jáde pé ká wá forúkọ sílẹ̀ ká máa bá wọn tà á. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní kíkà tàbí ìṣirò. Sàtífíkéètì tí wọ́n fún mi, wọ́n ṣi orúkọ bàbá mi kọ lórí ẹ̀. Owó oṣù mi nígbà yẹn ò pé 40,000. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá, ìdí tí mo fi ń bi yín nìyẹn. Àmọ́ mo fẹ́ kọ́ nǹkan o, tọkàntọkàn ni mo fi fẹ́ ẹ. Ọmọ 24 ló wà ní Pírámárì 2 mi, mẹ́sàn-án nínú wọn ò tíì lè ka ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta.

Ọmọ Òròkí

Àǹtí, ẹ má tíì sanwó o. Èmi náà rí fláyà yẹn. Ẹ fẹ àwòrán yẹn lójú fóònù yín kẹ́ ẹ wo lọ́gò TRCN yẹn dáadáa, ó ti rí bàìbàì, ọ̀rọ̀ tó yí i ká ò ṣeé kà mọ́, ó dà bí ohun tí wọ́n gé lára ìwé ẹlòmíì. Kò sì síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé TRCN ló ṣètò ẹ̀ tàbí TRCN ló fọwọ́ sí i, lọ́gò lásán ni wọ́n kàn tò síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè lọ mú lọ́gò lórí Google kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó tó ń wálẹ̀ kó tó di òru Jímọ̀ yẹn náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ sáré kẹ́ ẹ má ráyè béèrè ni.

Hẹ́dímásítà Àgbà

Ẹ kú àṣálẹ́ o. Mo fi ọdún 35 ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo mọ̀. TRCN tí gbogbo yín ń pè yìí, òfin ọdún 1993 ló gbé e kalẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó mọ ẹni tó jẹ́ tíṣà lóòótọ́, kó forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, kó fún un ní láísẹ́ǹsì, kó sì rí i pé kò jáwọ́ nínú ẹ̀kọ́ kíkọ́ lẹ́yìn tó ti gba iṣẹ́. Ibẹ̀ ni MCPD ti wá, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó di dandan fún tíṣà tó bá fẹ́ kí láísẹ́ǹsì ẹ̀ máa lọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá rówó gba gbọ̀ngàn ló lè ní òun ń pín pọ́íǹtì TRCN. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, á sì ní lẹ́tà lọ́wọ́.

Ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà hàn yín. Tí wọ́n bá fi hàn, ẹ má tíì yọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà àti déètì tó wà lórí lẹ́tà yẹn sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì TRCN ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ bi wọ́n pé ṣé àwọn ló kọ ọ́. Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí fláyà kọ́ lẹ máa pè o, torí ẹni tó ṣe fláyà náà ló máa gbé e. Orí wẹ́ẹ̀bù TRCN fúnra ẹ̀, trcn.gov.ng, ni kẹ́ ẹ ti wá nọ́ńbà. Kẹ́ ẹ sì máa wo ìparí àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù dáadáa, ti ìjọba gov.ng ló máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀. Tí TRCN bá wà níwájú, tí nǹkan míì wá gbẹ̀yìn ẹ̀, ẹ má fi orúkọ yín síbẹ̀.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́: ẹni tó bá ní òun máa bá yín gba láísẹ́ǹsì láì jókòó ṣe PQE, ìyẹn ìdánwò TRCN téèyàn máa ń ṣe kó tó gba láísẹ́ǹsì, ẹ sá fún un. Iwájú kọ̀ǹpútà lèèyàn fúnra ẹ̀ ti ń ṣe ìdánwò yẹn. Mo mọ ẹnì kan tó kówó fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ìwé tó gbà ò sí lórí rẹ́jísítà kankan, ọjọ́ tí wọ́n wá yẹ ìwé wò níbi iṣẹ́ ẹ̀ lójú ẹ̀ tó là.

Kọ̀ǹpútà Tíṣà

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwa tá a ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kéékèèké. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lo ákáùntì ara ẹ̀ ni gbájúẹ̀ o. Èmi máa ń kọ́ àwọn tíṣà ní bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà ṣètò máàkì àti rẹ́súlùtì, 3,000 ni mo ń gbà, nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Àlẹ̀kúwọdò ni, a kì í ju èèyàn mẹ́jọ lọ, àwa náà ò tíì ní ákáùntì kọ́ńpìnì. Ṣé torí ìyẹn ni kẹ́ ẹ ṣe ní olè ni mí? Àwọn kọ́ńpìnì ńlá tó forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀, pàápàá, àwọn kan nínú wọn ń lu èèyàn ní jìbìtì. CAC kàn máa sọ fún yín pé orúkọ wà nílẹ̀ ni, kò ní sọ fún yín pé ẹni yẹn mọ iṣẹ́ tíṣà. Kẹ́ ẹ má bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ o.

Ìyá Ìbejì Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ọ̀rọ̀ awọ́ọ̀dù yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i. Lọ́dún tó kọjá wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n ti yan mí mọ́ àwọn tíṣà tó pegedé jù ní gbogbo Áfíríkà. Inú mi dùn débi pé mo pe màmá mi. Nígbà tí mo ka ìwé ọ̀hún dé ìsàlẹ̀ ni mo rí i pé 60,000 ni mo máa san fún awọ́ọ̀dù yẹn àti àga tí mo máa jókòó lé. Mo wá bi wọ́n pé ta ló dárúkọ mi, ta ló wọ kíláàsì mi rí, kí ni wọ́n rí tí mo ṣe tó dáa? Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ló yàn mí. Mo ní ẹ fi orúkọ àwọn ìgbìmọ̀ náà hàn mí, wọn ò fèsì mọ́ títí dòní.

Ẹ gbọ́, ẹni tó ń yìn yín tí ò tíì rí iṣẹ́ yín rí, owó yín ló ń yìn.

Hẹ́dímásítà Àgbà

Àbúrò mi Kọ̀ǹpútà, o ṣeun, ọ̀rọ̀ ẹ yé mi, mi ò sì pè ẹ́ lólè. Jẹ́ n bi ẹ́: tí mo bá fẹ́ wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹ, kí lo lè fi hàn mí kí n tó sanwó?

Kọ̀ǹpútà Tíṣà

Sà, mo máa fún yín ní ìwé ohun tá a máa kọ́, wákàtí kọ̀ọ̀kan. Mo máa fún yín ní nọ́ńbà tíṣà mẹ́ta tó ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi, mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, ẹ lè pè wọ́n. Ẹ lè wá jókòó wákàtí kan lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ẹ ò bá lè wá mọ́, mo máa dá owó yín padà. Kò sì sí lọ́gò ẹnikẹ́ni lórí ìwé mi, orúkọ tèmi nìkan ló wà níbẹ̀.

Hẹ́dímásítà Àgbà

Ó tán. Ohun tí mo fẹ́ kí Àǹtí Òkè-Fìà gbọ́ nìyẹn. Kì í ṣe orúkọ tó wà lára ákáùntì nìkan ló yẹ kó bà á lẹ́rù, orúkọ àwọn ẹlòmíì tí wọ́n fi ṣe aṣọ ló burú. Ìwọ fi orúkọ ara ẹ dúró. Ẹni tó ní òun bá ìjọba àti òyìnbó ṣe é, ká wá rí i pé ákáùntì ẹnì kan ṣoṣo lowó ń wọ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Olùkọ́ Bàólójì

Ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ ẹ tún wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ. Èyí tí mo rí béèrè BVN. Kí ni sẹ́mínà fẹ́ fi BVN tíṣà ṣe? Ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ láéláé, ẹ má sì ka nọ́ńbà tí bánkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín fún ẹnikẹ́ni, ì báà ní òun ló ń kọ̀wé sàtífíkéètì.

Àti pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti àwọn tá a mọ̀. British Council ní ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, orí wẹ́ẹ̀bù tiwọn fúnra wọn ni kẹ́ ẹ wọlé sí o, ẹ má gba línkì tẹ́nì kan fi ránṣẹ́. Yunifásítì kan ní Ìlú Ọba tó ń jẹ́ The Open University ní OpenLearn, ọ̀fẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá parí ẹ wọ́n á fún yín ní ìwé pé ẹ kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Google náà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún tíṣà, ìdánwò ẹ̀ ló lówó. Tẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́, dátà nìkan lẹ máa rà. Èmi máa ń jí ní aago márùn-ún àárọ̀ kí n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kà á, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dáa nígbà yẹn, kí n tó lọ se oúnjẹ àwọn ọmọ.

Tíṣà Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti bi ọkùnrin tó ń polówó ẹ̀ pé kó fi lẹ́tà TRCN ránṣẹ́, ó ní òun ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè míì: àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba máa ń sọ pé SUBEB, ìyẹn àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé ìjọba kéékèèké, ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé àwa tíṣà àdáni ò lè lọ?

Tíṣà Ìjọba, Òkè-Báálẹ̀

Àǹtí, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà wà lára owó tí UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, máa ń fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti Àbújá, SUBEB ló ń fi ṣe é fún àwa tá a wà ní pírámárì àti ilé ìwé girama kékeré ti ìjọba. Wọ́n á kọ orúkọ wa ránṣẹ́ láti ilé ìwé, a ò san kọ́bọ̀. Nítorí náà tẹ́nì kan bá pe tíṣà ìjọba pé kó wá san owó fọ́ọ̀mù kí orúkọ ẹ̀ lè wọ sẹ́mínà SUBEB, kó yáa lọ bi hẹ́dímásítà ẹ̀ kó tó fọwọ́ kan owó. Ti ẹ̀yin àdáni, kí ọ̀gá yín bá ẹgbẹ́ àwọn onílé ìwé sọ ọ́, ẹgbẹ́ lè kó ara wọn jọ kí wọ́n pe olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, owó ẹ̀ á dín kù gan-an. Ẹni tó bá sì ń wá ìwé ẹ̀rí gidi bí NCE tàbí PGDE tí kò fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, NTI, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn tíṣà tó wà ní Kàdúná, ń ṣe é fún àwọn tó wà níbi iṣẹ́, ọdún 1976 ni ìjọba ti dá wọn sílẹ̀, àwọn yunifásítì tó súnmọ́ wa náà wà.

Àǹtí Jẹ́léósinmi

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dáa tí mo lọ, kí Àǹtí Òkè-Fìà lè mọ bó ṣe máa ń rí.

Ìyá kan tó ti kọ́ ọmọ kékeré fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ń ṣe é, Sátidé mẹ́fà, aago mẹ́sàn-án sí aago méjìlá, nínú kíláàsì ilé ìwé kan ní Òkè-Báálẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìró lẹ́tà ni, bí ọmọ ṣe ń kó ìró mọ́ra tó fi ń di ọ̀rọ̀. Sátidé àkọ́kọ́ ó ní ká mú ìdérí kóòkì 30 wá látilé, a fi máàkà kọ lẹ́tà sí i lára, a jókòó sílẹ̀ lórí ẹní bí ọmọdé, a ń tò wọ́n, s, a, t, ó ní kí ẹnì kan ṣe tíṣà kí àwọn yòókù ṣe ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n kọ́ tẹ́lẹ̀ o. Ìró "t" ni mo ń pè ní "tì", ó ní kí n yọ ariwo tó wà nídìí ẹ̀ yẹn kúrò, pé ìyẹn ló ń jẹ́ káwọn ọmọ mi máa ka "sat" bíi "sì-à-tì" tí wọn ò fi mọ ohun tí wọ́n kà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé lẹ́yìn Sátidé kẹta ó wá sí kíláàsì mi. Ó jókòó sẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀, ó ń kọ nǹkan. Nígbà tí mo ṣe tán ó fi ìwé yẹn hàn mí: ìbéèrè 11 ni mo bi àwọn ọmọ, mẹ́sàn-án nínú ẹ̀ èmi fúnra mi ni mo dáhùn ẹ̀ kí ọmọ kankan tó lanu. Ojú tì mí, àmọ́ mo ti ń kà á lọ́kàn báyìí tí mo bá ti béèrè ọ̀rọ̀, eení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kí n tó sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí mo rò pé wọn ò mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ̀ ọ́n, mi ò kì í fún wọn láyè ni.

6,000 ni gbogbo ẹ̀, ó gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Sàtífíkéètì ẹ̀, pépà funfun tó tẹ̀ jáde látinú kọ̀ǹpútà ni, kò sí góòlù lára ẹ̀.

Bàbá Ìṣirò

Ohun tí Àǹtí Jẹ́léósinmi sọ yìí bá ìwádìí mu. Lọ́dún 2017 Linda Darling-Hammond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 35 jọ tí wọ́n ti fi ojú rí i pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà ran àwọn ọmọ lọ́wọ́, wọ́n wá wo ohun tó jọra nínú wọn. Wọ́n rí i pé orí iṣẹ́ tí tíṣà ń kọ́ gan-an ni wọ́n dá lé, tíṣà ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é, àwọn tíṣà ń bára wọn ṣe é, wọ́n ń rí àpẹẹrẹ bó ṣe yẹ kó rí, ẹnì kan ń tẹ̀ lé wọn tó ń sọ ibi tó kù sí fún wọn, kì í sì í ṣe ohun ọjọ́ kan, ó máa ń pẹ́. Ẹ wá fi fláyà ọjọ́ méjì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wò. Èèyàn 300 nínú gbọ̀ngàn kan, ta ló fẹ́ wá sí kíláàsì ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Láti ìgbà tí mo ti ka ìwádìí yẹn, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi àwọn tó ń ṣe sẹ́mínà ni pé lẹ́yìn ọjọ́ tá a bá parí, ṣé a tún máa rí yín? Tí wọ́n bá ní sàtífíkéètì á dé sórí WhatsApp yín, mo ti gbọ́ ìdáhùn.

Ọmọ Òròkí

Sà, àmọ́ sàtífíkéètì náà wúlò o, ká má tan ara wa. Àwọn onílé ìwé ń béèrè ẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbani síṣẹ́, ìdí tí àwọn èèyàn fi ń rà á nìyẹn.

Bàbá Ìṣirò

Ó wúlò, mi ò jiyàn. Ti ẹni tó ní àṣẹ láti fúnni ló wúlò. Kí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́ kọ́kọ́ bi ibi iṣẹ́ náà pé ṣé wọ́n máa kà á sí, kó tó sanwó. Ìpè kan ni.

Tíṣà Òkè-Fìà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o. Ọjọ́rùú ni ọkùnrin yẹn fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ó ní òǹtẹ̀, ó ní ìbuwọ́lù, mo fẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Mo wá ṣe bí Bàbá Hẹ́dímásítà ṣe wí, mo kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí mo wo déètì ẹ̀ dáadáa, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n kọ ọ́, orúkọ ẹgbẹ́ míì ló sì wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ti àwọn tó ń ṣe sẹ́mínà yìí. Mo bi í. Ó ní àwọn àti ẹgbẹ́ yẹn jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Mo ní kó sọ orúkọ ẹnì kan níbẹ̀ tí mo lè pè. Ó yọ mí kúrò nínú WhatsApp ọ̀hún. Tíṣà méjì nílé ìwé wa ti san 18,000 kọ̀ọ̀kan, mo ti fi ọ̀rọ̀ yín hàn wọ́n, wọ́n ti lọ bá bánkì wọn, a ń retí ohun tí wọ́n máa sọ.

Àǹtí Jẹ́léósinmi, mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní nọ́ńbà ìyá yẹn. Mo ti ń ṣa ìdérí kóòkì jọ lọ́dọ̀ ìyá ọlọ́tí ẹlẹ́rìndòdò iwájú ilé wa, mo ti ní 22.

Àǹtí Jẹ́léósinmi

Mo ti fi ránṣẹ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n tún ń bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ẹ pè é, ẹ bi í ní gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi í, kì í bínú. Ẹ fọ ìdérí yẹn dáadáa o, èèrà kún tèmi.

Tíṣà Ìjọba, Òkè-Báálẹ̀

Ọ̀nà mi nibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé Ọláìyá ní aago mẹ́jọ àbọ̀, ẹ pè mí, ká jọ wọ kẹ̀kẹ́ kan.